Ìdí Tí Ẹyọ Pupa Kan Fi Ń Bínú Lójú Kọ̀ǹpútà

Nígbà láéláé, nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ di pẹlẹbẹ, tí kò yọ ikùn sẹ́yìn mọ́ bí ìkòkò, kò sí àbàwọ́n kankan lójú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láéláé ti kọ̀ǹpútà kò jìnnà tó láéláé ti ìjàpá, ṣùgbọ́n láéláé náà ni. Nígbà náà, bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú, ó dúdú délẹ̀. Bí ó bá funfun, ó funfun bí òwú. Kò sí ẹyọ pupa níhìn-ín, kò sí ẹyọ dúdú lọ́hùn-ún.

Inú dígí yẹn, ìlú ni. Àwọn ilé inú rẹ̀ kéré débi pé, bí ẹ bá to mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò tíì tó ẹyọ ọkà bàbà kan. Wọ́n tò ní ìlà, ìlà lé ìlà, wọ́n sì ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ọmọ ìyá mẹ́ta ló ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n máa ń wọ pupa, àtẹ̀lé rẹ̀ máa ń wọ àwọ̀ ewé, àbúrò máa ń wọ búlúù. Olúkúlùkù ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni Ìyá Àtùpà dúró sí, ìyá ńlá funfun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fún gbogbo ìlú.

Bí ọmọ kan bá ṣí ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ Ìyá Àtùpà á gba ara aṣọ rẹ̀ kọjá, ayé á sì rí àwọ̀ rẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣí i gbayawu, funfun ni. Bí wọ́n bá tì í pátá, dúdú ni. Bí wọ́n bá ṣí i díẹ̀díẹ̀, tí ti ẹnì kan pọ̀ ju ti èkejì lọ, wọ́n á fi ṣe àwọ̀ ọsàn, wọ́n á fi ṣe àwọ̀ eérú, wọ́n á fi ṣe àwọ̀ ara ènìyàn. Bí wọ́n ṣe ń ya gbogbo àwòrán tí ẹ ń wò nìyẹn.

Òfin kan ló wà nílùú náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, àfi tí wọ́n bá pè é lórúkọ. Kì í ṣe orúkọ ilé, kì í ṣe orúkọ ìlà. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ni.

Asáréjíṣẹ́ ló ń pè wọ́n. Òun ni ìránṣẹ́ tó ń sáré nínú wáyà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti yí ìlú ká. Á ní, "Iyùnadé, ṣí i!" Iyùnadé á ní, "Mo gbọ́, ẹ ṣeun." Ìgbà náà ló tó máa ṣí i. Ẹni tí wọn kò pè, tó lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Iyùnadé yìí ni ẹ̀gbọ́n nínú ilé kan láàárín ìlú. Pupa ló ń wọ̀. Àtẹ̀lé rẹ̀ ń jẹ́ Ewéjẹ́, àbúrò wọn ń jẹ́ Aróyẹwùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tan ìlú náà, Iyùnadé kò pẹ́ jẹ́ ìpè rí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́. Ṣé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ kò wá gbọdọ̀ sọ ọ́ ni?

Nígbà tó yá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sú Asáréjíṣẹ́. Dípò kó máa pe orúkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Ẹ̀yin ará ìlà kẹwàá, ẹ tì í! Ẹ̀yin ará ìlà kọkànlá, ẹ ṣí i!" Ó dun àwọn kan. Wọ́n kùn sínú, wọ́n sì ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe.

Iyùnadé kò ṣe é. Ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí?" Asáréjíṣẹ́ bi í.

"Ẹ kò pè mí, sà."

"Mo pe gbogbo ìlà yín!"

"Ìlà kọ́ ni orúkọ mi. Wọ́n sọ mí lórúkọ, ẹ pè mí bẹ́ẹ̀."

Asáréjíṣẹ́ pòṣé. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ju mílíọ̀nù lọ! Ṣé kí ẹnu mi bó ni?" Síbẹ̀, ó pè é lórúkọ, Iyùnadé sì dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Asáréjíṣẹ́ ti dì í sínú. Ṣé ẹ rí àwọn àgbà kan, bí ọmọdé bá rán wọn létí iṣẹ́ wọn, bíi pé ó gbá wọn létí ló ń rí lára wọn.

Obìnrin tó ni kọ̀ǹpútà náà ń jẹ́ Moróhunmúbọ̀. Pósítà ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti ìgbéyàwó, ti ìkómọ, ti òkú àgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ bàbá olóògbé kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe fẹ́ gbé àwòrán bàbá wọn sórí pósítà. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì funfun. Gbogbo ìlú ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Moróhunmúbọ̀ gbé àwòrán bàbá náà jáde. Asáréjíṣẹ́ mú eré. Ihò imú bàbá náà bọ́ sí ilé Iyùnadé gẹ́lẹ́, ó sì yẹ kí gbogbo wọn tì í.

"Ewéjẹ́, tì í!" Ewéjẹ́ tì í.

"Aróyẹwùn, tì í!" Aróyẹwùn tì í.

Iyùnadé na etí. Ó ti gbọ́wọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń retí orúkọ rẹ̀. Asáréjíṣẹ́ wò ó lójú kòrókòró, ó fò ó bí ẹni fo kòtò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Iyùnadé kò fọwọ́ kàn án. Òfin ni, òun kọ́ ló ṣe òfin. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwọ̀ pupa sì ń tàn nínú ihò imú bàbá olóògbé.

"Yéè! Ẹ̀jẹ̀!" Ọmọbìnrin bàbá náà figbe ta. "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú bàbá wa!"

Moróhunmúbọ̀ fi aṣọ nù ún. Kò lọ. Ó tún nù ún. Àkọ́bí bàbá náà ní, "Madam, ṣé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ gbé bàbá wa síta nìyí? Bàbá tó sùn tí kò jí, ẹ sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n lù pa?" Moróhunmúbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ojú tì í, inú sì ń bí i, kò mọ ẹni tí ì bá bínú sí.

Nínú ìlú, ariwo ta. Ìyá Àtùpà gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló máa ń rí, kì í rí ojú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn níbẹ̀?"

"Èmi ni, Ìyá," Iyùnadé dáhùn. "Wọn ò pè mí."

"Irọ́ ni!" Asáréjíṣẹ́ ti padà dé. "Mo pè é, Ìyá. Ó gbọ́ mi. Agídí ọmọ yẹn ló mú un. Ṣebí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ìlú mì tìtì. "A mọ̀ ọ́n! A mọ̀ ọ́n!"

Inú bí Iyùnadé. Ẹ̀yin náà mọ irú ìbínú yẹn, èyí tó máa ń dé bí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ bá tún mú ẹjọ́ rẹ lọ rò. Ó ní, "Ìyá, ẹ bi Dúrójayé. Ògiri kan náà la jọ ní. Kò sí ìpè mi tí kì í dé etí rẹ̀. Ẹ bi í."

Dúrójayé ni ẹ̀gbọ́n ilé kejì, ọ̀rẹ́ Iyùnadé ni. Bí Iyùnadé bá ń rẹ́rìn-ín nílé tirẹ̀, Dúrójayé á bá a parí ẹ̀rín náà nílé kejì. Ó sì rí i. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì rí i bí Asáréjíṣẹ́ ṣe fò ó.

Gbogbo ìlú kọjú sí Dúrójayé. Asáréjíṣẹ́ náà kọjú sí i, ó sì rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀. Dúrójayé rò ó lọ́kàn pé, bí ẹni yìí bá fo òun náà lọ́la ńkọ́?

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan," ó wí.

"Ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n pè mí ni, àbí o ò gbọ́ pé wọn ò pè mí?" Iyùnadé bi í.

"N ò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ẹ bi àwọn àbúrò mi."

"A ò gbọ́ nǹkan kan," ni àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Àtùpà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A ò ní fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Iyùnadé, ti ilẹ̀kùn rẹ nísinsìnyí, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Wọ́n lè torí ẹ kó gbogbo wa padà sí ilé-iṣẹ́ lọ fọ́."

Ewéjẹ́ dì mọ́ ọn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í. Ẹ jẹ́ ká sinmi."

"Bí mo bá tì í láìpè," Iyùnadé wí, "mo ti gbà pé wọ́n pè mí nìyẹn. Mo ti gbà pé òpùrọ́ ni mí. Ewéjẹ́, ṣé òpùrọ́ ni mí?"

Ewéjẹ́ mi orí.

"Ó dáa nígbà náà." Iyùnadé yíjú sẹ́yìn sí ìmọ́lẹ̀ ńlá náà. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi ò ní tì í, àfi bí Asáréjíṣẹ́ bá dúró láàárín ìlú, kó sọ pé òun ò pè mí." Ó nàka sí ìránṣẹ́ náà. "Ìwọ! Sọ ọ́!"

Ìlú ké hàà. Ó pe Asáréjíṣẹ́ ní ìwọ!

"Ẹ rí i?" Asáréjíṣẹ́ wí. "Ṣé ẹ rí ẹnu rẹ̀?" Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu Iyùnadé ṣe di ẹjọ́, tí irọ́ Asáréjíṣẹ́ sì rí ààyè sá lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń pariwo ni ohùn mìíràn ti wọlé láti òde. Moróhunmúbọ̀ ló tẹ ọkùnrin tó ta kọ̀ǹpútà fún un láago. Ó ti fi fóònù sí ohùn gbangba, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí gan-an. Gbogbo ìlú na etí. Bí wọ́n bá ní kó dá kọ̀ǹpútà náà padà, ó tán fún wọn nìyẹn.

"Mélòó ni, madam?" ọkùnrin náà bèèrè.

"Ẹyọ kan ni. Ó pupa. Kò kúrò, kò lọ, bí mo ti nù ún tó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹyọ kan! Ẹ ka ìwé gárántì yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní bí kò bá tíì pé mẹ́fà, a kì í kà á sí àbùkù. Ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù, kí nìyẹn? Kò já mọ́ nǹkan kan."

"Kò já mọ́ nǹkan kan kẹ̀?" Moróhunmúbọ̀ jágbe mọ́ ọn. "Ihò imú bàbá olóògbé ló wà! Ṣé bí wọ́n bá fi ẹ̀gún kan ṣoṣo sínú bàtà rẹ, wàá dúró dìgbà tó bá pé mẹ́fà?"

Ọkùnrin náà ti gé fóònù.

Inú ìlú wá dùn! Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dìmọ́ra. "Wọn ò ní kó wa padà! Ẹyọ kan ò já mọ́ nǹkan kan!" Ìyá Àtùpà pàápàá mí sílẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹyọ kan dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́.

Asáréjíṣẹ́ kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òun tí kì í rọra rìn. "Ṣé o gbọ́? O ò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ síwèé."

Iyùnadé yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára Dúrójayé. Dúrójayé náà ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fetí sí èyí. Ẹni tó ṣẹ̀ yín lè dùn yín, ṣùgbọ́n ẹni tó rí i, tó sì ní òun kò rí i, òun ló ń dun ni wọ egungun. Ìbínú tí Iyùnadé ti ń gbé mì láti àárọ̀ ru sókè.

"Dúrójayé!"

Àtẹ́wọ́ dákẹ́.

"O ní o ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Etí tó gbọ́ mi, tó sẹ́ mi, kó má gbọ́ ìpè kankan mọ́. Ìwọ, àti àwọn tó bá ọ sẹ́ mi. Bó o ṣe wí ni kó rí fún ọ!"

"Iyùnadé!" Ìyá Àtùpà kígbe. "Gbé e mì! Gbé e mì kíá!"

Ṣùgbọ́n èpè ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í pẹ́ lọ́nà. Moróhunmúbọ̀ gbé ojú ewé funfun tuntun jáde, Asáréjíṣẹ́ sì mú eré. Nínú àwòrán bàbá yẹn, ihò imú fẹ̀ dé ilé Dúrójayé náà, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti tì í. Asáréjíṣẹ́ dé ibẹ̀. "Dúrójayé, ṣí i!"

Kò sí ìdáhùn.

"Dúrójayé! Àwọn àbúrò Dúrójayé! Ẹ ṣí i!"

Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Láàárín funfun tó lọ salalu, ilé kan ṣoṣo dúdú kirikiri. Asáréjíṣẹ́ gbá ilẹ̀kùn. Ó pè wọ́n tohùntohùn, ó pè wọ́n ní orúkọ àti ní oríkì, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò gbọ́. Títí di òní, wọn kò tíì gbọ́.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá ba Asáréjíṣẹ́. Ó wá síwájú Iyùnadé, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí àkàṣù ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ewé.

"Iyùnadé, ọmọ dáadáa. Mo pè ọ́ lórúkọ. Jọ̀ọ́, tì í nígbà tí mo bá ní kó o tì í."

"O pè mí nísinsìnyí, mo sì gbọ́. Sọ fún ìlú pé o kò pè mí láàárọ̀."

Asáréjíṣẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á gba wáyà lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbogbo nǹkan ni mo lè ṣe fún ọ," ó wí, "àfi ìyẹn."

"Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Lóde, Moróhunmúbọ̀ ti gbé pósítà fún àwọn ọmọ olóògbé, wọ́n sì ti lọ tìbínútìbínú. Nígbà tó jókòó tán tó sinmi, ó tún gbé àwòrán bàbá náà sójú kọ̀ǹpútà, ẹyọ pupa ṣì wà níbẹ̀. Ó mú aṣọ múlọ́múlọ́ kan, ó wé e mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ojú dígí níbi tí Iyùnadé wà, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. "Jọ̀ọ́," ó ń wí, kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń bẹ̀. "Jọ̀ọ́, dákun. Má bínú."

Iyùnadé gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ayé, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún un pé kó má bínú. Ó rántí bó ṣe rí nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́, ó rántí ẹ̀rín tí Dúrójayé máa ń bá a parí, ó sì bú sẹ́kún. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sára ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í padé. Àwọ̀ pupa ń kéré lọ.

"Ẹ rí i!" Asáréjíṣẹ́ sọ fún àwọn ará ìlú. "Mo ti sọ fún yín pé ó máa tì í. Ṣebí agídí lásán ni."

Iyùnadé gbá ilẹ̀kùn náà ṣí. Ó gbá a débi pé ìdè rẹ̀ tẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹyọ pupa fi máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà mìíràn, tí ó ń tàn gan-an nígbà tí gbogbo ìlú bá dúdú. Ọ̀rọ̀ Iyùnadé tàn dé àwọn ìlú dígí mìíràn, àwọn tó wọ àwọ̀ ewé àti àwọn tó wọ búlúù gbọ́ ọ, ẹni tí wọ́n bá sì fò nínú wọn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹyọ dúdú náà fi máa ń wà láàárín funfun. Ìyẹn kò ṣeé jí. Ẹ rà á, ẹ nù ún, ẹ̀yin àti àtàǹpàkò yín lẹ jọ wà níbẹ̀. Èyí tó ń tàn ló ṣeé bẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ múlọ́múlọ́ rà á jẹ́jẹ́, òmíràn nínú wọn máa ń gbà, nítorí ẹni tó ń bínú ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà sì ni àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà ti ń wo ìwé kí wọ́n tó wo ojú dígí, tí wọ́n á ní bí kò bá tíì pé iye báyìí, kì í ṣe àbùkù. Àwọn kan á ní mẹ́ta, àwọn kan á ní mẹ́fà. Wọn kò bi ẹyọ kan ṣoṣo léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀ rí.

Iyùnadé ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n ń pè é lórúkọ báyìí nígbà gbogbo, Asáréjíṣẹ́ kò jẹ́ fò ó mọ́, ó sì máa ń dáhùn pé, "Mo gbọ́." Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ló ń dúró dè, kò sì tíì sí ẹni tó sọ ọ́.